Ìbéèrè Yín: Mo fẹ́ máa darí ọ́kẹ́sítírà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mo ń tẹ píánò, ó sì wù mí kí n máa darí ọ́kẹ́sítírà àti eré olórin orí ìtàgé. Mo ti ra ọ̀pá ìdarí, alaalẹ́ ni mo máa ń tan orin Beethoven, màá wá dúró síwájú dígí máa jùwọ́. Àwọn kan ní àfi kí n lọ yunifásítì, àwọn kan ní ẹ̀bùn ni. Èwo ni kí n gbọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti dígí yẹn torí òun ló ká mi lára jù. Orin tóo tàn yẹn kì í tẹ̀lé ẹ, ìwọ lò ń tẹ̀lé e, bóo jùwọ́ bó ò jùwọ́ á dún lọ ni. Bẹ́ẹ̀ olùdarí ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, á ti gbọ́ ọ nínú orí ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, torí ọwọ́ tó kọ́kọ́ gbé sókè, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì dákẹ́, òun làwọn olórin fi ń mọ bó ṣe máa yá tó àti bó ṣe máa le tó. Èèyàn la fi ń kọ́ ìyẹn. Kódà kó jẹ́ olórin mẹ́ta péré, kó wọn jọ.

Yunifásítì dáa, lọ tóo bá ráyè, torí ibẹ̀ lo ti máa rí ọ́kẹ́sítírà tóo máa dúró síwájú ẹ̀, wọ́n á sì kọ́ etí ẹ. Clarinet B-flat, irú fèrè kan, tó bá rí ohùn tí wọ́n ń pè ní C nínú ìwé, ohùn B-flat ló máa jáde, French horn, fèrè míì, tó bá rí C yẹn náà á dún F. Tó ò bá mọ̀yẹn, bóo ṣe fẹ́ bá wọn wí?

Ti orí ìtàgé, píánò tóo mọ̀ yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe rìhásà pẹ̀lú píánò nìkan kí ọ́kẹ́sítírà tó dé, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló máa mọ ibi tí olórin kọ̀ọ̀kan ti ń mí, òun náà ni wọ́n sábà ń fi ṣe igbákejì olùdarí. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní vamp, orin á máa yí po títí òṣèré á fi sọ̀rọ̀ tán, lónìí ó lè yí lẹ́ẹ̀mejì, lọ́la ó lè di mẹ́fà, ojú ẹ ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu òṣèré yẹn. Ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńláńlá ní New York, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n sábà ń ṣe eré kan lọ́sẹ̀, o ò sì gbọ́dọ̀ sùn sí i.

Ẹ̀bùn wà lóòótọ́, àmọ́ wo Toscanini, olùdarí ará Ítálì tó lókìkí. Ní Rio de Janeiro lọ́dún 1886, cello, ohun èlò olókùn kan, ló ń ta nínú ọ́kẹ́sítírà, ọmọ ọdún 19 bíi tìẹ, wàhálà ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ olùdarí, ni wọ́n bá tì í síwájú, ó sì darí Aida, eré olórin ti Verdi, látorí láìwo ìwé. Ṣé alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́ ọ ni? Bernstein náà, olùdarí ará Amẹ́ríkà, igbákejì ló jẹ́ ní ọ́kẹ́sítírà New York Philharmonic nígbà tí àìsàn dá Bruno Walter, ẹni tó yẹ kó darí lọ́jọ́ náà, dúró ní November 14, 1943, kò sí rìhásà kankan, ó bọ́ síbẹ̀ ó sì ṣe é.

Torí náà lọ bá ẹgbẹ́ eré kan, sọ pé wàá máa tẹ píánò rìhásà fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ̀wé sí mi padà, kóo sọ ibi tí olórin wọn ti máa ń mí.