Èsì: Ṣé olówó tí kò ní ẹgbẹ́ lè di ààrẹ Amẹ́ríkà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé bí oníṣòwò ńlá kan bá lówó rẹpẹtẹ, kí ló dé tí kò fi lè dá dúró láìsí ẹgbẹ́, kó sì di ààrẹ Amẹ́ríkà. Òfin gbà á láyè o. Ìṣirò ni kò gbà.

Ẹ wo Ross Perot, oníṣòwò olówó tó dá dúró láìsí ẹgbẹ́ láti du ipò ààrẹ lọ́dún 1992. Owó ara rẹ̀ ló ń ná. Ó ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi àwòrán ṣàlàyé gbèsè ìjọba bíi tíṣà (èmi gbádùn ìyẹn, kí n má purọ́). Ó yọwọ́ lóṣù Keje, ó tún padà lóṣù Kẹwàá, ìyẹn sì bà á jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 ló mú, ó lé ní mílíọ̀nù 19 ìbò.

Ṣùgbọ́n nínú ìbò 538 tí àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ ń dì, èyí tó ń yan ààrẹ gan-an, òdo ló ní! Kò ṣíwájú ní ìpínlẹ̀ kankan, ẹni tó bá sì ṣíwájú ló máa ń kó gbogbo ìbò aṣojú ìpínlẹ̀ náà lọ, àfi ní Maine àti Nebraska. Nínú 538 yẹn, 270 lèèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó wọlé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ní in, ilé aṣojú-ṣòfin ló máa yan ààrẹ, ìpínlẹ̀ kan, ìbò kan. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì, Democrat àti Republican, ló sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Howard Schultz tó darí Starbucks, ilé iṣẹ́ kọfí ńlá, náà gbèrò láti dá dúró du ipò ààrẹ ní 2019. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti jáwọ́.