Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Ilé Olódi Mélòó Ló Tó fún Ọjọ́ Méjì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, èmi àti ọkọ mi fẹ́ kó àwọn ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún 11 àti ọmọ ọdún 6, lọ sí àríwá Wales nígbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, ìyá ọkọ mi yóò sì bá wa lọ. Ọkọ mi ti kọ orúkọ ilé olódi mẹ́rin sílẹ̀, Conwy, Caernarfon, Beaumaris àti Harlech, ó sì ní ọjọ́ méjì tó láti rí gbogbo wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé òkúta lásán ni wọn yóò jẹ́ lójú àwọn ọmọ, orúnkún Màmá kò sì gba àtẹ̀gùn mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ bá wa bẹ ọkọ yín kí wọ́n yọ méjì kúrò nínú mẹ́rin náà. Mọ́tò lè gbé yín dé gbogbo wọn láàárín ọjọ́ méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọba kan náà, Edward Kìíní ti England, ni ó kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti fi tẹ orí àwọn ará Wales ba, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa Llywelyn, olórí wọn, ní oṣù Kejìlá ọdún 1282. Ọ̀gá James ti St George kan náà ni ó sì ṣe kòkárí iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá ń sáré ti ibì kan dé ibòmíràn, gbogbo rẹ̀ yóò dàrú mọ́ ọn lójú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Conwy lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti Caernarfon lọ́jọ́ kejì ni àwa yóò mú. Ní Conwy, àtẹ̀gùn pọ̀ láti dé orí ilé ìṣọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó sí etí omi nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí wọ́n sì ti lè máa wo odi náà dáadáa. Ní Caernarfon, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: láti ọdún 2023 ni lífìtì ti wà níbi Bodè Ọba, ẹnu ọ̀nà ńlá ilé olódi náà, tí àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn náà fi ń dé òkè. Bí inú ọkọ yín bá bàjẹ́ nítorí Beaumaris, a kò dá wọn lẹ́bi, nítorí orí ilẹ̀ títẹ́jú ni ó wà, yàrà olómi rẹ̀ sì lẹ́wà púpọ̀; ọdún 1295 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, owó tán, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di òní. Harlech ni kí wọ́n fi sílẹ̀ láìwẹ̀yìn, nítorí òun ló jìnnà jù.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ má ṣe fi orúkọ ọba àti ọdún bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún èyí àgbà pé òun ni ọ̀tá, kí ó sì wá ọ̀nà wọlé. Ilẹ̀kùn márùn-ún àti gánrangànran mẹ́fà, ìyẹn géètì wúwo tí a ń já sílẹ̀ láti òkè, ni wọ́n fètò sí fún Bodè Ọba ti Caernarfon nìkan. Kí ó dúró láàárín ọ̀nà àbáwọlé náà, kí ó fọwọ́ kan ojú ihò tóóró tí gánrangànran ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, kí ó sì gbójú sókè wo àwọn ihò tí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè gbà ṣọṣẹ́ fún ẹni tí ó bá há sísàlẹ̀. Kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi yín pé kí ni òkúta wà fún. Àwọn afinimọ̀nà kan yóò sọ pé nítorí kí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí ń gbèjà lè rí àyè fi idà jà ni wọ́n ṣe lọ́ àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́. Ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á.

Ní ti ọmọ ọdún 6, ṣálángá ni ẹ fi hàn án. Lára odi tí ó yí ìlú Conwy ká, tí ó gùn ju kìlómítà kan lọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 12 wà lórí ìlà kan, tí wọ́n yọrí síta lókè. Ibi tí ìgbẹ́ ń já bọ́ sí kò fara sin. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú dáadáa nígbà tí ẹ bá ń rìn lórí odi náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìtàn náà jẹ́ ti ẹni tí ó ṣẹ́gun nìkan. Àwọn ará England ni Edward kó wá tẹ̀dó sínú odi Conwy, ẹ̀yìn odi sì ni ti ọmọ onílẹ̀. Ní ọdún 1401, lọ́jọ́ Ẹtì tí à ń ṣe ìrántí ikú Jésù, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Rhys àti Gwilym ap Tudur, ìbátan Owain Glyndŵr tí ó ń ṣọ̀tẹ̀ sí ọba England ìgbà náà, gba ilé olódi náà. Wọ́n ní káfíńtà kan tí ó ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ni òun wá ṣe ló wọlé fún wọn. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà nípa àdéhùn. Orí odi gan-an ni kí ẹ ti sọ ìyẹn fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé Conwy kò ní òrùlé? Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ní ọdún 1665 ni ẹni tí ilé olódi náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tú òjé àti irin ara rẹ̀ lọ, òrùlé kò sì pẹ́ tí ó fi lọ pẹ̀lú. Ẹ mú aṣọ òjò, ẹ má mú agbòjò, nítorí afẹ́fẹ́ orí ilé ìṣọ́ yóò yí i padà. Bí atẹ́gùn bá le, wọ́n lè ti àwọn ibi gíga. Ẹ wo ojú ìwé Cadw, àjọ tí ń tọ́jú wọn fún ìjọba Wales, ní àárọ̀ ọjọ́ náà kí ẹ tó gbéra.