Àwòrán tó tàn lẹ́yìn ìtànṣán: ṣé kókó ti padà ni?

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ ní ó ti lé lóṣù mẹ́rin tí wọ́n parí ìtànṣán fún glioblastoma (kókó jẹjẹrẹ inú ọpọlọ), MRI tuntun wá fi ibi kan hàn tó tàn yòò létí ojú iṣẹ́ abẹ. Dókítà kan ní kókó ti padà, èkejì ní ìtànṣán ló ṣe ibẹ̀ lọ́ṣẹ́. Ní tèmi, ẹ má tíì gba tẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọkọ mi la irú ẹ̀ kọjá níbí, ní Manchester.

Títàn yẹn nìkan kò sọ nǹkan púpọ̀. Gadolinium, oògùn àwòrán tí wọ́n fà sí wọn ní iṣan, ló ń tàn, ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ bá sì ti ń jò ló máa ń jáde sí. Kókó a máa mú un jò, ìtànṣán náà a máa mú un jò. Ìdí nìyẹn tí ìlànà RANO ti ọdún 2010, èyí tí àwọn dókítà fi ń díwọ̀n bí kókó ọpọlọ ṣe ń gba ìtọ́jú, fi ní kí dókítà má tètè kéde pé àrùn ti padà láàárín ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtànṣán, àfi tí nǹkan tuntun bá yọ síbi tí agbára ìtànṣán kò dé, tàbí tí wọ́n bá gé ẹran ibẹ̀ wò. Bàbá ti kọjá ìgbà yẹn, àmọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní radiation necrosis, ìyẹn ẹran ọpọlọ tí ìtànṣán pa, kì í kánjú. Ó lè pẹ́ tó oṣù púpọ̀, àní ọdún, kó tó yọjú.

Ohun tó là wá lójú jù ni perfusion. Inú ẹ̀rọ MRI kan náà ni wọ́n ti ń ṣe é, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi kún un: wọ́n á máa ṣọ́ gadolinium bó ṣe ń gba inú ọpọlọ kọjá, wọ́n á sì wọn bí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kókó tó ń dàgbà máa ń hu iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, ẹ̀jẹ̀ a sì pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ìtànṣán ti pa kì í ní tó bẹ́ẹ̀. rCBV lorúkọ ìwọ̀n náà. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ pupa ojú àwòrán dẹ́rù bà yín o. Ẹ béèrè nọ́ńbà, àti apá ọpọlọ tó yè tí wọ́n fi wé. Nọ́ńbà ilé ìwòsàn kan kò sì ṣeé fi ṣèdájọ́ ní òmíràn. Tí irin tàbí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ bá ṣẹ́kù nítòsí ojú iṣẹ́ abẹ, ó lè ba ìwọ̀n náà jẹ́.

Wọ́n ṣe spectroscopy fún ọkọ mi pẹ̀lú, èyí tó ń wo kẹ́míkà inú ẹran ọpọlọ. Choline máa ń gòkè níbi tí kókó wà. Níbi tó ti kú, lipid àti lactate ló máa ń pọ̀. Kò ràn wá lọ́wọ́, torí ibẹ̀ sún mọ́ eegun orí jù, ọ̀rá eegun sì da gbogbo rẹ̀ rú.

Ẹ ṣàkọsílẹ̀ iye dexamethasone (oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù) tí bàbá ń lò lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán. Oògùn náà ń dín jíjò yẹn kù, àwòrán lè rẹwà sí i kó má jẹ́ pé kókó ti sún kì. Bevacizumab, oògùn tó ń dí híhu iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun lọ́wọ́, tiẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ sì mọ̀ pé méjèèjì, kókó àti ọṣẹ́ ìtànṣán, lè wà pọ̀ lójú kan. Bó ṣe rí nìyẹn fún tiwa. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹran wò pàápàá lè bọ́ sí apá tó ti kú, kó fi apá tó ń jà sílẹ̀.

Bí Ìbàdàn lẹ ti fẹ́ yà á, ẹ kọ́kọ́ pe ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe perfusion, torí kì í ṣe gbogbo ibi. Ẹ kó gbogbo CD àtijọ́ dání, pẹ̀lú ìwé tó fi ibi tí ìtànṣán dé hàn. Tí èsì bá dé, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ nípa rCBV síbí, kí ẹ yọ orúkọ bàbá kúrò.