Fíìmù tí tèwetàgbà jọ wò nígbà Kérésì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní fíìmù Yorùbá wo la lè jọ wò tọmọtọmọ nígbà ìsinmi Kérésì. Ní tiwa ní Kubwa níbí, Saworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe lọ́dún 1999 ni. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń yínmú pé àwòrán ẹ̀ ti gbó. Nígbà tó dé ibi tí Lápité, ọba inú fíìmù náà, ti kọ̀ tí kò gba gbẹ́rẹ́ oyè, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan fóònù mọ́. Àbíkẹ́yìn mi tiẹ̀ ń fi ṣíbí lu abọ́ ìrẹsì bí ọmọ Àyàn! Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Jẹnẹrétọ̀ la fi wò ó parí. Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ wá Agogo Èèwọ̀, ibẹ̀ ni ìtàn náà ti tẹ̀ síwájú. Aníkúlápó náà dùn o, àmọ́ ẹ jẹ́ káwọn ọmọ sùn ná.