Bí A Ṣe Ń Tọ́ Wísíkì Olówó Pọ́ọ́kú Wò: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Òǹkàwé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Wísíkì àpòpọ̀ láti Sikọ́tílándì, èyí tí owó rẹ̀ kò ga, ni mo máa ń rà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí kì í mu ju wísíkì málíìtì lọ sọ pé ọtí tí wọn kò kọ ọjọ́ orí sí lára kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jókòó tọ́ wò, pé kí n da sódà sí i kí n sì gbàgbé rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo ni mo ṣe lè fúnra mi mọ èyí tó dára?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n ó ti yára dájọ́ jù. Bí wọn kò bá kọ ọjọ́ orí sí ara ìgò, ọtí tí kò tíì pẹ́ sábà máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ orí èyí tó kéré jù lọ nínú gbogbo ọtí tí wọ́n pò pọ̀ ni òfin ní kí wọ́n kọ, bí wọ́n bá máa kọ ọ́ rárá. Bí ti ọdún 5 bá kán sínú ti ọdún 20, ti ọdún 5 ni wọn yóò máa pè é. Síbẹ̀, kò sí wísíkì Sikọ́tílándì tó jẹ́ ọmọ àná. Òfin wọn ti ọdún 2009 sọ pé ó gbọ́dọ̀ lo ọdún 3, ó kéré tán, nínú àgbá igi óákù, kí agbára ọtí inú rẹ̀ má sì kéré ju 40% lọ nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ sínú ìgò.

Ọtí oríṣi méjì ló ń di àpòpọ̀. Èkíní ni wísíkì málíìtì, tí wọ́n fi ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù sè nínú ìkòkò bàbà, tí òórùn rẹ̀ sì kún. Èkejì ni wísíkì ọkà, tí wọ́n sábà ń fi àlìkámà tàbí àgbàdo ṣe nínú ẹ̀rọ gíga, irú èyí tí Aeneas Coffey, ọmọ Ireland kan, gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lé lórí ní ọdún 1830. Òun ló fúyẹ́ jù, òun ni owó rẹ̀ kéré, òun ló sì máa ń pọ̀ jù nínú ìgò olówó pọ́ọ́kú. N kò kà á sí àbùkù, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ọtí náà lọ lọ́fun wọ́ọ́rọ́. Àmọ́ bí kò bá tíì pẹ́ tó, títa lẹ́nu rẹ̀ ni yóò ṣíwájú adùn.

Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ tàn yín jẹ. Òfin gbà wọ́n láàyè láti fi àwọ̀ ṣúgà jíjóná sí i, nítorí náà pípọ́n rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ orí. Imú ni kí ẹ lò. Ẹ wá gíláàsì tó fẹ̀ nídìí tó sì fún lẹ́nu, ẹ bu díẹ̀ sí i, kí ẹ má sì fi yìnyín sí i, torí òtútù máa ń pa òórùn rẹ̀. Ẹ má ti imú bọ inú gíláàsì. Ẹ gbé e sí abẹ́ àgbọ̀n, ẹ la ẹnu díẹ̀, kí ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá kọ́kọ́ ta yín nímú, agbára ọtí lásán ni, ẹ jẹ́ kó kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ óò máa gbọ́ òórùn fàńílà, tó sábà máa ń wá láti ara àgbá tí wọ́n ti fi tọ́jú bourbon, ìyẹn wísíkì Amẹ́ríkà, rí. Tàbí ti àjàrà gbígbẹ, láti ara àgbá sherry, ìyẹn wáìnì líle láti Sípéènì. Tàbí èéfín, bí ó bá jẹ́ pé iná peat, ìyẹn ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gé tí wọ́n sì sá gbẹ, ni wọ́n fi yan ọkà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òórùn páálí tútù tàbí ti ọ̀dà èékánná ló gba ibẹ̀ kan, tí kò sì lọ bí gíláàsì náà tiẹ̀ jókòó fúngbà díẹ̀, mo máa ń yọ máàkì.

Ẹ wá kán omi sí i. Àwọn tí wọ́n ń fi pípo wísíkì ṣe iṣẹ́ ṣe máa ń bomi là á títí yóò fi sún mọ́ 20% kí wọ́n tó gbọ́ òórùn rẹ̀, nítorí pé níbi tí ọtí bá ti le jù, imú kì í ríṣẹ́ ṣe. Èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ fi kan ẹnu kò sí nínú ìdájọ́. Ẹnu ṣì ń mọ́ ọn lára ni. Ẹ̀yìn tí ẹ bá gbé ìkejì mì ni olówó pọ́ọ́kú máa ń fara hàn: adùn á tètè pòórá, ooru àti ìkorò igi á sì ṣẹ́kù. Kí adùn má pẹ́ lẹ́nu kò bí mi nínú, iye tí a san náà nìyẹn. Ìkorò ni n kì í gbójú fò.

Ní ti sódà, wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ irú ọtí yìí kí ó lè dúró nínú àdàlù, nítorí náà kò tọ́ kí a dá a lẹ́jọ́ ní òun nìkan. Ẹ tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀ náà. Bí sódà tó pọ̀ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ bá wọlé, tí ẹ ṣì ń gbọ́ èéfín tàbí fàńílà náà, ẹni tó pò ó mọṣẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé ìyàtọ̀ tó wà láàárín Red Label àti Black Label ti Johnnie Walker tó ìyàtọ̀ owó wọn?

Ìdáhùn: Black Label ní ọdún 12 lára, Red Label kò ní ọjọ́ orí. Bí ẹ bá ń mu ún lásán, mo rò pé ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé sódà ni ẹ máa ń dà sí i, Red Label ni kí ẹ rà. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ ní kí ẹlòmíràn bu méjèèjì sínú gíláàsì tó jọra láìjẹ́ kí ẹ rí ìgò, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rò sílẹ̀ kí ó tó sọ èyí tó jẹ́ èwo.