Ìwé Mọ́ńkì Lọ́wọ́ Ọlọ́jà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, mo kí yín. Mo ń ka Àfarawé Kristi tí Thomas à Kempis kọ, ó sì ń wọ̀ mí lọ́kàn títí mo fi dé orí 20 nínú ìwé kìíní, níbi tí ó ti ń yin ẹni tí ó yẹra fún ènìyàn tí ó sì pa ẹnu mọ́. Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà. Èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ mi ni a sì jọ ń gbé. Báwo ni irú mi yóò ṣe mú un lò? Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, àwọn kan sì ní ìwé Àgùdà ni, kí n gbé e jù sílẹ̀. — Abiyamọ kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbé e jù sílẹ̀, ìyá wa. John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì yín fúnra rẹ̀, tẹ ìwé yìí jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1735.

Ilé àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run tí wọn kì í gbéyàwó, lẹ́bàá ìlú Zwolle, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nẹ́dálándì lónìí, ni Thomas ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ títí ó fi kú ní 1471. A máa ń rò pé mọ́ńkì kò ní ẹni tí ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan náà ni wọ́n jọ ń jí, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ojoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè yan ẹni tí yóò jókòó tì í. Nítorí náà, orí 16 nínú ìwé kìíní kan náà ni n óò rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ dúró lé lórí. Ó ní kí a fi sùúrù fara da àléébù tí a kò lè mú kúrò lára ara wa tàbí lára ẹlòmíràn; ó sì béèrè bí ẹni tí kò lè sọ ara rẹ̀ di irú ẹni tí ó fẹ́ ṣe lè sọ ẹlòmíràn dà bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti kìlọ̀ fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbọ́, kí a má bá a jà, kí a fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kò di ìgbà tí ìyá ọkọ bá le kí ọ̀rọ̀ yìí tó wúlò nínú ilé. (Ẹni tí ó rajà yín láwìn kò sí nínú rẹ̀ o, ẹ máa béèrè owó yín.)

Ní ti orí 20, ẹ tún un kà. Ó sọ níbẹ̀ pé bí a bá fà sẹ́yìn kúrò nínú ọ̀rọ̀ àsọjù, ìrìn tí kò nídìí àti gbígbọ́ ìròyìn kiri, a óò rí àkókò tí ó tó fún àṣàrò. Àkókò tí òfófó orí ìsọ̀ àti fóònù ń gbà lọ́wọ́ yín ni ẹ óò fi mú un lò, kì í ṣe pé kí ẹ kó kúrò nílé.

Kò sì di dandan kí ẹ gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Nígbà tí Wesley ń kà á ní 1725, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé òun kò gbà pé Ọlọ́run rán wa wá sáyé kí a máa wà nínú ìbànújẹ́ títí. Síbẹ̀ kò pa ìwé náà tì. Nínú ìwé mẹ́rin tí Àfarawé Kristi pín sí, ìwé kẹta gùn, orí 59 ni ó ní, orí kan lóòjọ́ sì tó. Ìwé kẹrin dá lé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ lè fi í pamọ́ di ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ gba Kòmúníọ̀n.