Èsì: Kí ẹ tó ra ilé àtijọ́ ní ìlú Wells

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ ra ilé ìdílé olókùúta, ti nǹkan bí ọdún 1780, nítòsí Kàtídírà Wells ní Somerset, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi fèrèsé oníke rọ́pò ti onígi rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé náà wà nínú àkójọ àwọn ilé tí òfin ń dáàbò bò, èyí tí Historic England, àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ níbẹ̀, fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá wà níbẹ̀, òfin ọdún 1990 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn láti yí ohun tí ó fi ilé náà ṣe pàtàkì padà, nínú tàbí lóde, láìgba àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀, wọn kì í sì í sábà fọwọ́ sí fèrèsé oníke. Èyí tí ó ká mi lára jù ni pé bí ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ti wó ògiri kan láìgba àṣẹ, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni wọ́n lè pàṣẹ fún láti dá a padà sí bí ó ti wà, bó ti wù kí ó pẹ́ tó. Kí agbẹjọ́rò yín béèrè ìwé àṣẹ gbogbo àtúnṣe ibẹ̀.

Ní ti ògiri, lime (ẹfun tí wọ́n ń fi òkúta sísun ṣe) àti iyanrìn ni wọ́n sábà fi ń mọ òkúta nígbà náà. Bí ẹnìkan bá ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lẹ́yìn náà, ọ̀rinrin á há sínú rẹ̀. Ẹ gba ẹni tí ó mọ ilé àtijọ́ dájú láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má gbára lé ẹni tí báǹkì rán wá díye lé e.